Ta ló tọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba ní Èkó, ta ló sì yẹ kó yàn án?

Akọ̀wé Àdúgbò, Ẹbúté Mẹ́ta | Ọjọ́rú, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ládùúgbò wa tó ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lọ sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé.

Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ wa mú orúkọ àwọn tí ìyà ń jẹ jù wá, pé àwọn ń tún ìwé orúkọ àwọn aláìní ṣe, èyí tí ìjọba fi ń pín owó ìrànwọ́. Iye orúkọ tí wọ́n fún wa láyè rẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ilé tí yàrá kọjú síra wọn ló pọ̀ jù ní òpópónà wa. Kò sí èyí tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní rí ẹni tó yẹ ká ràn lọ́wọ́.

Orúkọ méjì ló dá ìjà sílẹ̀. Èkíní ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní fíríìjì, wọ́n sì ní tẹlifíṣọ̀n ńlá tí ọmọ wọn rà fún wọn kó tó di olóògbé. Èkejì ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó ń ta omi inú ọ̀rá lọ́nà Òyìngbò. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ le, ojoojúmọ́ ló ń jáde. Àmọ́ ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onílé ni òun àtàwọn ọmọ ń sùn.

Àwọn kan ní ẹni tó ní fíríìjì kì í ṣe aláìní. Àwọn kan ní ẹni tí ara rẹ̀ le kò yẹ kó máa wojú ìjọba. Ẹlòmíì dìde, ó ní ìyá yẹn kì í tiẹ̀ ṣe ará àdúgbò, pé kò tíì pé ọdún méjì tó dé. Bí a ṣe tú ká nìyẹn, ẹnu wa ò kò.

Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló tọ́ sí. Bí àyè ò bá wá gba àwọn méjèèjì, èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí a bá fi sílẹ̀ kò ní mọ ìdí tí a fi fi í sílẹ̀, kò sì ní mọ ibi tó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ẹ bá mi dá sí i.


Oníṣirò Yaba | Ọjọ́rú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ma. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2016 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí Nàìjíríà yá 500 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò yìí. ₦5,000 lóṣù ni owó tó kọ́kọ́ ń jáde fún ìdílé kan. Kí wọ́n tó mú orúkọ, wọ́n á wo ìjọba ìbílẹ̀ tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Wọ́n á wá pe àwọn ará àdúgbò jọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n fẹnu ara wọn dárúkọ ẹni tó jẹ́ aláìní láàárín wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òṣìṣẹ́ á wá sílé àwọn tí wọ́n dárúkọ. Irú òrùlé wo ló wà lórí ilé? Kí ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, ẹ̀rọ wo ló wà nílé, ta ló kàwé nínú wọn? Ìdáhùn wọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò bí ìṣẹ́ ìdílé náà ṣe tó, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ìwé owó oṣù tí a lè fi hàn.

Lábúlé, èyí lè sún mọ́ òótọ́. Ní Èkó, òṣùwọ̀n ìrẹsì ni wọ́n fi ń wọn epo. Páànù ló bo gbogbo wa lórí, sìmẹ́ńtì ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé àti ẹni tó ni ilé, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà. Fíríìjì bàbá yẹn kò lè sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀, tàbí ìgbà tí iná dé kẹ́yìn.

Ẹ wo nọ́ńbà yìí náà. Nínú ìwádìí ọdún 2019, iléeṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, ní ẹni tí ohun tó ń ná kò tó ₦137,430 lọ́dún ni tálákà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ₦376 lójúmọ́. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yẹn, ìdá 4.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ará Èkó ni tálákà, nígbà tí ti Ṣókótó jẹ́ 87.7. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n wo ìlera, ẹ̀kọ́, ibùgbé àti iṣẹ́ pọ̀, ti Èkó sì fò sókè, ó lé ní 29. Ìlú kan náà ni o. Òṣùwọ̀n tí wọ́n bá gbé dání ló ń sọ iye orúkọ tí àdúgbò yín máa rí gbà, kí ẹ̀yin tó jókòó sí ìpàdé rárá.


Ìyá Aláṣọ Ìdúmọ̀tà | Ọjọ́rú, 8:52 alẹ́

Ọmọ mi Oníṣirò, o káre. Fi ti àwa ọlọ́jà kún un.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti Èkó pa nítorí Kòrónà, mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, Sadiya Umar Farouq, ní wọ́n máa fi àkáǹtì tí owó inú rẹ̀ kò ju ₦5,000 lọ, àti ẹni tí káàdì ìpè tó ń rà kò ju ₦100 lọ, dá mẹ̀kúnnù ìgboro mọ̀. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọn ò ní rí mi.

Lésì ni mò ń tà. Àwìn ni mo ti ń gbé e. Owó tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi láàárọ̀, ti Alhaja tó fún mi lọ́jà ló pọ̀ jù níbẹ̀, èmi kàn ń bá wọn gbé e di ìrọ̀lẹ́ ni. Owó àjọ ẹgbẹ́ wa náà ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà tó bá kàn mí láti kó o jọ. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì mi wò á pè mí ní olówó. Lọ́dún yẹn, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, owó olówó wà ní báńkì, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án torí mo fẹ́ padà sí ọjà lẹ́yìn ìsémọ́lé. Gààrì ni àwọn ọmọ mi ń mu.

Káàdì ìpè ńkọ́? Oníṣòwò tó bá ní òun ò ní pe oníbàárà, kó kúkú kó igbá rẹ̀ sílé. Irinṣẹ́ mi ni ẹ fi ń sọ pé ìyà ò jẹ mí.

Ẹ̀yin ará Ẹbúté Mẹ́ta, ẹ má fi fíríìjì yọ bàbá yẹn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n jẹ lánàá.


Awakọ̀ Mushin | Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo ìṣirò yìí dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó bá mọ líídà wọ́ọ̀dù ni orúkọ rẹ̀ ń wọlé.

Ní oṣù keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wọ́n ní ìdílé mílíọ̀nù 12 máa gba ₦8,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Aráàlú pariwo, wọ́n dá a dúró. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó di ₦25,000 fún oṣù mẹ́ta, ìdílé mílíọ̀nù 15. Oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n tún so ètò náà rọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní gáréèjì wa, tó kún fún àwọn tó ń fi mọ́tò ọlọ́mọ́tò ṣe délífà, mi ò tíì rí ẹnì kan tó ní òun rí nínú rẹ̀ gbà. Àwọn tó ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kò jìnnà sí wa, àmọ́ àwọn tó bá wọn jáde lọ́jọ́ ìbò ni wọ́n ń pín in fún.

Ẹ rántí Maza-Maza, oṣù kẹwàá ọdún 2020. Oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà wà nínú ilé ìkẹ́rù, àwọn èèyàn já ilẹ̀kùn, wọ́n kó o. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó já ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa, tí wọn ò sọ fún un bóyá ó wà nínú ètò tàbí kò sí, tí wọn ò sọ ọjọ́ tí yóò kàn án, kí ni ẹ fẹ́ kó gbà gbọ́?

Ẹ fi owó yẹn sórí ọkọ̀. Tálákà ń wọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè fíríìjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó gé owó ọkọ̀ BRT ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo ẹni tó bá ti dúró lórí ìlà ló jẹ àǹfààní rẹ̀.


Tísà Àgbà, Súrùlérè | Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́

> Tálákà ń wọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè fíríìjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi, o ti fọwọ́ ba ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Wọn ò béèrè ọmọ ta ni tálákà. Ọmọ àgbẹ̀ olóko kòkó àti ọmọ alágbàro jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kò sí ojú tì, kò sí líídà tó máa mú orúkọ. Àwọn kan kùn nítorí owó orí, àmọ́ nígbà tí ọmọ tiwọn náà wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa á rẹ́. Alhaji Lateef Jákàńdè náà, gómìnà Èkó láàárín ọdún 1979 sí 1983, sọ ilé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ níhìn-ín, ó sì fòpin sí kí ọmọ kan máa lọ láàárọ̀, kí òmíràn máa lọ lọ́sàn-án. Kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni, ọmọ gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀.

Ètò tí ẹ bá ṣe fún tálákà nìkan, tálákà nìkan ló máa jà fún un, àwọn aláṣẹ kì í sì í gbọ́ ohùn tálákà. Ẹ fún gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 70. Ẹ fún gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọjọ́ orí kò ṣe é fi ẹ̀bùn yí padà bí ìwé orúkọ.


Oníṣirò Yaba | Ọjọ́rú, 9:58 alẹ́

Bàbá Tísà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gba púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ owó náà ń kọ́? ₦75,000 fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ti ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ, oṣù mẹ́ta péré sì ni wọ́n ní àwọn máa fi san án. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ fẹ̀ kó kan gbogbo èèyàn, yálà owó náà pọ̀ sí i, tàbí kí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré débi pé ìyá tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò ní lè fi ṣe nǹkan kan. Àgbàlagbà tó ní ilé mẹ́ta ní Ìkòyí náà á gba tirẹ̀. Ìyẹn náà kò dọ́gba lójú mi.

Bákan náà, ètò Ẹ̀kìtì ọdún 2011 tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀, ₦5,000 lóṣù fún àwọn àgbàlagbà aláìní tó ti pé ọdún 65, wọ́n ṣì ní láti yan aláìní nínú àwọn àgbàlagbà. Ọjọ́ orí nìkan kò tán an.


Tísà Àgbà, Súrùlérè | Ọjọ́rú, 10:06 alẹ́

Olówó Ìkòyí yẹn, ẹ gba tirẹ̀ padà nínú owó orí. Ó rọrùn láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ní ju láti wá ẹni tí kò ní kiri.


Nọ́ọ̀sì Bàrígà | Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin Akọ̀wé, owó nìkan kọ́ ni ìrànwọ́. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àgbàlagbà, aláàbọ̀ ara àti aláìní wà lára àwọn tí owó yẹn wà fún. Nípasẹ̀ Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa, ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá tí ojú wọn kò ríran yẹn àti ọmọ tó bá kéré jù lọ́wọ́ ìyá omi, ẹ kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ má dúró de ìjà ìwé orúkọ kí ẹ tó ṣe ìyẹn.

Mo ti rí ìyá tó gbé ọmọ oní-gìrì dé ọ̀dọ̀ wa ní òru torí ó ń ṣírò iye tí káàdì máa jẹ. Kò mọ̀ pé àyè wà fún ọmọ náà. Ẹni tó tọ́ sí nǹkan tí kò sẹ́ni tó sọ fún un, kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n lé.


Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó | Ọjọ́bọ̀, 9:12 àárọ̀

Mo ń kà yín láti àná. Ohun kan wà tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn: kí ni ìdílé?

Ilé ẹbí wa, àwọn ọmọ bàbá kan náà láti ọwọ́ ìyàwó mélòó kan, pẹ̀lú ọmọ ọmọ, ló ń gbé ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan, nọ́ńbà ilé kan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n kọ wa sílẹ̀ bí ìdílé kan ṣoṣo. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wa tó dàgbà jù ni wọ́n kọ, torí òun ló ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí mọ̀ ni pé àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan. Ẹ wá ka ìkòkò tó wà lórí ààrò wa. Opó kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí kò bá ẹnikẹ́ni pín ọbẹ̀. Nínú ìwé tiwọn, kò sí níbẹ̀ rárá.

Lórí ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi tààrà. Ọmọ Èkó ni mí. Àwọn baba wa wà níhìn-ín kí ọ̀nà rélùweè tó wọ Ìddó. Bí ohun tó wà nílẹ̀ bá kéré, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ti wà nílẹ̀. Kò sí ìlú tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀.


Ọ̀dọ́ Makoko | Ọjọ́bọ̀, 9:47 àárọ̀

> ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ti wà nílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń dun àwa. Ìyá tó bí ìyá mi, orí omi Makoko yìí ni wọ́n bí wọn sí. Títí di òní, ẹni tó bá gbọ́ Ègùn lẹ́nu wa á béèrè ìgbà tí a máa padà sílé. Ilé wo? Bí ẹ bá ní ká fi ọdún ṣe é, mélòó ló máa tó? Ta ló máa jẹ́rìí fún mi?

Ìyá omi yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ẹbúté Mẹ́ta ló ń sùn. Ọjà Òyìngbò ló ń ná. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún un lójoojúmọ́, àpò Èkó ló ń lọ. Tí kò bá jẹ́ ará Èkó, ará ibo ni?

Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní láìsí NIN, kò sí owó. Mo mọ ìdí rẹ̀, kí ẹnì kan má bàa gba á lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ àwọn ìyá wa tí òṣìṣẹ́ kan kọ orúkọ wọn ní àkọtì, tí ti báńkì yàtọ̀ sí ti NIN, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ máa wọ̀, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ orí ilẹ̀, kí wọ́n tó tún tò sórí ìlà fún àtúnṣe. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ṣe ìyẹn, wọn ò ta ẹja.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìgbákejì ààrẹ nígbà yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣí ètò kan fún mẹ̀kúnnù ìgboro, tí wọ́n ní àwọn máa fi àwòrán láti ojú ọ̀run wo ibi tí ìṣẹ́ wà, kí aráàlú sì fi fóònù forúkọ sílẹ̀. Èrò yẹn dára lójú mi. Láti òkè, gbogbo ayé ló ń rí Makoko. Ṣùgbọ́n fóònù ni ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn tí kò sì ní fóònù ni ìyà ń jẹ jù nínú wa. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló ní kí wọ́n gbé òun. Ẹni tí kò lè káwọ́ ńkọ́?


Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó | Ọjọ́bọ̀, 10:15 àárọ̀

Àbúrò, mo gbọ́ ọ. Mo ṣì dúró lórí pé a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbé àárín wa, kí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì dé lánàá má bàa gba ìpín opó ilé wa. Káàdì LASRRA wà, ìyẹn tó ń sọ pé èèyàn ń gbé Èkó. Kì í béèrè ìran ẹnì kankan. Ẹ fi ìyẹn ṣe é, mo fara mọ́ ọn.


Oní-kẹ̀kẹ́-arọ, Ṣómólú | Ọjọ́bọ̀, 11:30 àárọ̀

Owó tó ń wọlé fún èmi àti aládùúgbò mi lè dọ́gba, kí ìyà wa má dọ́gba. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ máa wọ dánfó lọ síbi ìforúkọsílẹ̀. Èmi máa háyà ọkọ̀, torí kò sí dánfó tó máa gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ mi. Lára owó oúnjẹ mi ni ìyẹn ti ń kúrò. Bí mo bá tún débẹ̀, àtẹ̀gùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èkó ní òfin fún àwa aláàbọ̀ ara láti ọdún 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì dé ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ẹni tó bá ń yan orúkọ, kó ṣírò ohun tí àìlera ń ná èèyàn, kó má wo ohun tó ń wọlé nìkan. Kó sì wá sílé wa.


Ọmọ Èkó ní Peckham | Ọjọ́bọ̀, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán láti Lọ́ńdọ̀nù. Adéníjí Àdélé ni wọ́n ti bí mi, mo ti pẹ́ níbí.

Ẹ má rò pé àwọn tó wà níbí ti yanjú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ń san owó orí, wọ́n kọ ọ́ sára físà mi pé mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni tèmi náà nígbà yẹn, torí náà mo mọ ohun tí ìyá omi yẹn ń rí. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Universal Credit, bí owó tí o fi pamọ́ bá ti ju £16,000 lọ, o ò ní gba nǹkan kan. Lọ́dún 2024, ìjọba wọn ní owó iná ìgbà òtútù tí wọ́n ń fún gbogbo àgbàlagbà máa wá wà fún àwọn tó ń gba ìrànwọ́ aláìní nìkan. Àwọn tí owó wọn fi díẹ̀ kọjá ìlà pàdánù rẹ̀. Àwọn aláìní tí kò béèrè fún ìrànwọ́ yẹn rí náà pàdánù rẹ̀. Ariwo pọ̀. Lọ́dún 2025 wọ́n yí i padà: kí gbogbo àgbàlagbà tí owó ọdún rẹ̀ kò ju £35,000 lọ máa gba á, kí owó orí gba ti àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ padà. Ohun tí Bàbá Tísà sọ lálẹ́ àná ni wọ́n padà ṣe.

Ohun kan wà níbí tí mo máa fẹ́ kó dé Èkó. Bí wọ́n bá sọ fún ẹ pé o ò tọ́ sí i, lẹ́tà máa wá, ìdí rẹ̀ á wà nínú rẹ̀. O ní oṣù kan láti ní kí wọ́n tún un wò. Bí kò bá tún tẹ́ ẹ lọ́rùn, o lè gbé e lọ síwájú àwọn adájọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó kọ̀ fún ẹ. Ìbéèrè Àǹtí Akọ̀wé nìyẹn.


Akọ̀wé Àdúgbò, Ẹbúté Mẹ́ta | Ọjọ́bọ̀, 2:40 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àǹtí tàbí Bọ̀dá Peckham, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ká lẹ gbogbo orúkọ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn àdúgbò kí wọ́n tó pín kọ́bọ̀. Kí gbogbo ojú rí i. Bí orúkọ ìyàwó káńsẹ́lọ̀ bá wà níbẹ̀, a óò rí i.


Ìyá Aláṣọ Ìdúmọ̀tà | Ọjọ́bọ̀, 3:02 ọ̀sán

Ọmọ mi, rárá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n lẹ orúkọ ìyá kan mọ́ ògiri pé aláìní ni? Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wá ọkọ. Ẹni tó ń fún un lọ́jà àwìn máa kà á, kò sì ní fún un mọ́. Àjọ tó ń dá, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ san tirẹ̀ kí wọ́n tó gbé fún un. Mo mọ àwọn obìnrin tó máa yọ orúkọ ara wọn kúrò, tí wọ́n á sì máa febi sùn, kí ọjà má bàa rí i. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa yọ tèmi.


Awakọ̀ Mushin | Ọjọ́bọ̀, 3:10 ọ̀sán

Mà, ibi tí kò bá sí ojú ayé ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ìbátan wọn. Ìtìjú náà ni wọ́n ń sá sí abẹ́ rẹ̀.


Tísà Àgbà, Súrùlérè | Ọjọ́bọ̀, 4:25 ọ̀sán

Ẹ̀yin méjèèjì ló sọ òtítọ́. Kí wọ́n lẹ ìlànà náà mọ́ ògiri, kí gbogbo èèyàn mọ ohun tí wọ́n fi yan ẹni tí wọ́n yàn. Kí wọ́n kọ iye tó wọlé, kí wọ́n kọ iye ìdílé tó gbà ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé orúkọ gan-an wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́rìí tí àdúgbò fúnra rẹ̀ yàn: obìnrin kan láti ọjà, ìmáàmù, pásítọ̀, ọ̀dọ́ kan, aláàbọ̀ ara kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ní ìbátan nínú ìwé náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kó lọ bá wọn ní kọ̀rọ̀.


Ọ̀dọ́ Makoko | Ọjọ́bọ̀, 4:41 ọ̀sán

Ẹ fi ẹni tó gbọ́ èdè àwọn tó wà níbẹ̀ kún un, Bàbá.


Ìyá Aláṣọ Ìdúmọ̀tà | Ọjọ́bọ̀, 5:00 ìrọ̀lẹ́

Èyí ni mo lè gbà. Ẹ jẹ́ kí obìnrin ọjà náà jẹ́ méjì.


Akọ̀wé Àdúgbò, Ẹbúté Mẹ́ta | Ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́

Mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ bàbá. Mo sọ ti Ìlera Èkó fún wọn, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Lọ́la, èmi àti wọn àti ìyá omi, pẹ̀lú àbíkẹ́yìn rẹ̀, ń lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ọjọ́ Sátidé, mo máa sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí a mú orúkọ méjèèjì lọ, kí a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè tí wọ́n fún wa kò tó. Fíríìjì kò ní yọ ẹnikẹ́ni. Ibi tí èèyàn ń sùn lónìí la máa wò, a ò ní béèrè ìgbà tó dé. Mo máa béèrè pé kí wọ́n kọ ìdí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá yọ, àti pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tó lè lọ bá. Oníṣirò, ǹjẹ́ ètò náà tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, àbí mo kàn fẹ́ lọ pariwo lásán?


Oníṣirò Yaba | Ọjọ́bọ̀, 8:33 alẹ́

Ó ní, Ma. Ó wà nínú ìlànà ètò tí Báńkì Àgbáyé bá fún lówó báyìí pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tí aráàlú lè gbà fi ẹ̀sùn sùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wá pé ta ni ó ń gba ẹ̀sùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ìpàdé. Ẹ má tijú láti tẹnu mọ́ ọn. Àwọn gómìnà fúnra wọn, nínú ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ní oṣù keje ọdún 2023, ní àwọn ò fọkàn tán ìwé orúkọ náà, pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀. Ẹ ò ṣẹ̀ bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ ìwé yín ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n buwọ́ lu èkejì pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á, kí ẹ̀yin mú un padà sílé. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ohun tí ẹ bá kọ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọ̀la, mo máa bá yín tẹ̀ ẹ́.